Ẹni tó bá mi tún fáíbà RV mi ṣe ti bà á jẹ́ sí i: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Kúnlé_Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọgbọ́n yín ni mo fẹ́ yá. Mo ra RV àlòkù kan, ọkọ̀ ńlá tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀, Class C, irú èyí tí yàrá orí rẹ̀ yọ síwájú bo orí dírẹ́bà. Ẹ̀ka igi kan gbá igun yàrá orí yẹn, ó là. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ládùúgbò. Ó gbowó, ọkọ̀ sì ń dán yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á. Ooru mú, òjò rọ̀, ojú ibẹ̀ bá wú sókè bí àkàrà. Ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì báyìí. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, omi pupa rúsúrúsú ló ń yọ níbi tó là. Ọkùnrin náà tún fi sílíkóònù yí etí rẹ̀ ká. Nínú, mátírẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọmọ ń sùn lé ti ń rùn.

Ibi tó bàjẹ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo ní gíráńdà. Mo sì ti ra èyí tí wọ́n dì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀: résìnì (oje fáíbà) agolo kan, kátálíìsì tó ń mú un le nínú rọ́bà kékeré, àti máàtì fáíbà. Ṣé mo lè lẹ tuntun mọ́ orí ti tẹ́lẹ̀, kí n fi pọ́tì tẹ́ ojú rẹ̀? A fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ sí Big Bend, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ní Texas, nígbà ìsinmi, ìyàwó mi sì ti ní òun ò ní sun inú ọkọ̀ tó ń rùn.

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn o, ẹ jọ̀ọ́. Omi ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bò ó, ẹ kàn sé omi mọ́lé ni. Àwa tá a ní motorhome (bí a ṣe ń pe RV) níbí, ọdọọdún la máa ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní habitation check, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tẹ ara ògiri kiri láti mọ ibi tó rin. Ẹ wá irú ẹ̀rọ náà rà, kò wọ́n. Ẹ fi tẹ ògiri láti inú, kì í ṣe igun yẹn nìkan. Ibi tí omi ti yọ síta lè jìnnà réré síbi tó gbà wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́.

Pánẹ́lì_Mushin
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Bọ́ńpà fáíbà là ń tún ṣe lójoojúmọ́ ní Ládípọ̀. Pọ́tì tí ẹni yẹn lò ni kò dáa. Ẹ há a kúrò, ẹ ra èyí tí irun fáíbà wà nínú rẹ̀, ẹ fi dí i, ẹ fi sáńpépà bó o, ẹ kùn ún. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Bó bá tún là, ẹ fi páànù bò ó, ẹ kan rífẹ́ẹ̀tì yí i ká, ó parí.

Ọ̀gá_Fáíbà
Pánẹ́lì, àbúrò mi, mo gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn sínú bọ́ńpà. Bí omi bá gba inú bọ́ńpà kọjá, ta ni yóò mọ̀? Bó bá gba inú yàrá yìí, igi ló máa jẹ.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń fi fáíbà ṣe l'Ékòó, mo sì tún máa ń ṣe táńkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: pọ́tì kì í ṣe fáíbà. Ìyẹ̀fun talc ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń fa omi mu. Kò ní okun nínú tó lè di nǹkan mú. Ojú nìkan ni wọ́n ń fi í tẹ́. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbọ̀n rìrì lójú títì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí pọ́tì nìkan ló bá wà lójú ibi tó là, yóò tún là ni. Èyí tó ní irun nínú sàn díẹ̀, àmọ́ kò tó fún ibi tó ti là já.

Bọ̀dá Kúnlé, ẹ mú owó ẹyọ, ẹ máa fi lu ara ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ ti ibi tó jìnnà bọ̀ wá síbi ọgbẹ́. Ibi tó bá dún kó, tó mú gaara, kò tíì ya. Ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, ìpele inú rẹ̀ ti bó kúrò lára ara wọn. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ibi tó dún bọ̀ọ̀ ká. Ẹ máa rí i pé ó ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ìlà yẹn ló gbọ́dọ̀ jáde: pọ́tì, sílíkóònù, fáíbà tó ti funfun. Kò sí tàánú.

Ẹ wá fi gíráńdà lọ etí ihò náà, kí ó máa fẹ́lẹ́ sí i bó ṣe ń bọ̀ wá sẹ́nu ihò. Bí fáíbà bá nípọn tó mìlímítà 3, ẹ lọ ọ́ sẹ́yìn tó mìlímítà 36 yíká, ìyẹn ìlọ́po 12. Ibi yìí ni àwọn oníṣẹ́ wàràwàrà ń sá fún, torí oníbàárà á rí ihò kékeré tó di ńlá, á sì figbe ta. Ṣùgbọ́n ojú tí ẹ bá lọ yẹn nìkan ni résìnì tuntun rí dì mú. Ẹni tó ṣe tiyín, mo lè búra pé kò lọ etí kankan.

Kátálíìsì: 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n résìnì. Pẹ̀lú ooru Houston, ẹ dúró sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sábẹ́ 1, kò ní dì dáadáa títí láé. Bí ẹ bá dà á jù, á gbóná, á rú èéfín nínú ike, á sì sán tó bá le tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ ń ra résìnì ní Ọjọ́ta, ẹ fetí sílẹ̀: tiwa sábà máa ń wá pẹ̀lú asẹ́lẹ́rétọ̀ (èyí tó ń mú kó yára dì) lọ́tọ̀, kátálíìsì lọ́tọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ da àwọn méjèèjì pọ̀ lásán, ó lè bú gbàù. Asẹ́lẹ́rétọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rò mọ́ résìnì títí á fi pò, kí kátálíìsì tó wọlé. Agolo tí Bọ̀dá Kúnlé rà lọ́hùn-ún, wọ́n ti rò ó mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́.

Pánẹ́lì_Mushin
Ọ̀gá, mo gbà lórí ti bọ́ńpà 😂 Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú rífẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀gá_Fáíbà
Rífẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, ihò mẹ́wàá. Ta ló tún ń dá ihò lu sára ọkọ̀ tó ń jò?

Ọmọ_Ìbàdàn
Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín ná kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí igi ló gbá a, wọ́n lè sanwó rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà báyìí.

Kúnlé_Houston
Ẹ ṣé gan-an. Ìbánigbófò ti sanwó fún àtúnṣe àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn ò tún dá sí i mọ́.

Mo ti fi owó ẹyọ lu ú. Ọ̀gá, ẹ ò parọ́. Ìlà pẹ́ńsù náà ti igun wá dé abẹ́ iná kékeré tó wà lókè. Mo wá lọ pọ́tì náà kúrò. Abẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn, fóòmù ni! Fóòmù inú agolo tí wọ́n ń fín sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó fín in sínú ihò, ó gé e dọ́gba, ó fi pọ́tì lé e, ó kùn ún. Kò sí okùn fáíbà kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo fún fóòmù náà, omi ń ṣàn lọ́wọ́ mi. Pláíwúùdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti dúdú, ìka ni mo fi ń yọ ọ́.

Ìbéèrè méjì. Fáíbà igun yìí nípọn tó mìlímítà 3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ògiri ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọ́n ti pàdé lábẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, fẹ́lẹ́ púpọ̀, ara igi ni wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣé bákan náà ni mo máa ṣe é? Èkejì: ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀ ojú omi ní kí n dá polyester, ìyẹn résìnì tí mo rà, padà, kí n gba epoxy, irú résìnì mìíràn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Bísí_ATL
Ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Fáíbà dára, díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un, mo sì fẹ́ ta kò wọ́n níbì kan, kí wọ́n má bínú. Iṣẹ́ yìí ni mo kà níwèé, òun náà ni mo ń ṣe.

Epoxy máa ń lẹ̀ mọ́ fáíbà àtijọ́ tó ti le tán ju bí polyester ti ń ṣe lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ igi dáadáa. Nígbà tí igi ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, epoxy ni èmi máa lò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé a lè fi epoxy lé orí polyester, a kì í fi polyester lé orí epoxy. Bí ẹ bá ti fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ẹ má yí padà láàárín.

Kò sí àdàkún nínú epoxy o. Ìwọ̀n tó wà lára agolo lẹ máa tẹ̀ lé gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá da hardener (èyí tó ń mú epoxy le) sí i kó lè yára, kò ní yára, á kàn rọ̀ ni. Torí ooru, ẹ ra hardener tó ń falẹ̀. Máàtì tí ẹ rà yẹn náà, ẹ dá a padà, torí ohun tó so irun rẹ̀ pọ̀ nínú styrene, kẹ́míkà inú polyester, ló ti ń yọ́, epoxy ò sì ní styrene, nítorí náà máàtì náà kò ní rọ̀ láti tẹ̀ mọ́ igun. Aṣọ fáíbà híhun ni kẹ́ ẹ gbà.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ fi gíráńdà sílẹ̀ lára rẹ̀! Ìwé fáíbà pẹlẹbẹ ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú fóòmù lẹ́yìn, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìlọ́po 12 kò ṣeé ṣe níbẹ̀, inú igi lẹ máa bá ara yín. Bí ìlà pẹ́ńsù yín kò bá dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́jẹ́. Bó bá ti bó kúrò lára igi, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn: gbígbẹ, fífi abẹ́rẹ́ fa epoxy sí i, kí a sì fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi le.

Ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ: ẹ nu sílíkóònù àti wáàsì kúrò KÍ sáńpépà tó kàn án. Ẹ fi abẹ ike há sílíkóònù, ẹ fi àkísà tó rin pẹ̀lú omi tó ń yọ wáàsì nù ún, kí ẹ sì fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e kíá. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sáńpépà rẹ̀, ẹ kàn ń ti ọ̀rá yẹn wọnú ni.

Ibi tí mo ti ta ko Ọ̀gá kò tíì dé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: aṣọ tó tóbi jù lẹ máa kọ́kọ́ tẹ́, kékeré á gùn ún.

Ọ̀gá_Fáíbà
Háà, Àǹtí Bísí! Kékeré la kọ́kọ́ ń tẹ́ sínú kòtò, ńlá á wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, àwọn ọkọ̀ tí mo sì ti tún ṣe ṣì ń kó èrò lórí ọ̀sà títí di òní. Ọ̀rọ̀ epoxy náà, mo gbà pé ó lágbára, àmọ́ ẹ sọ fún un pé gelcoat, ìpele dídán tó wà lójú fáíbà, kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ jọ ti tẹ́lẹ̀, polyester ló rọrùn jù.

Bísí_ATL
Òótọ́ ni ti gelcoat, ọ̀dà ló máa fi parí rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ fi epoxy sílẹ̀ láìkùn, oòrùn á jẹ ẹ́.

Lórí aṣọ, Ọ̀gá, ẹ wò ó báyìí. Ńlá tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ́, ó fara kan gbogbo ojú tí ẹ lọ, láti etí dé etí, okùn kan náà láìgé. Tí ẹ bá wá ń sáńpépà, àwọn kékeré òkè nìkan lẹ ń gé. Bí ńlá bá wà lókè, òun gan-an ni sáńpépà máa jẹ, òun tó sì gbé iṣẹ́ dání nìyẹn. Mi ò sọ pé tiyín máa já. Bí ẹ bá ti lọ etí rẹ̀ dáadáa, méjèèjì máa ń dúró.

Ọ̀gá_Fáíbà
Mo gbọ́. Mo ṣì máa fi kékeré bẹ̀rẹ̀.

Tóyìn_Dallas
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ fáíbà, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ibi tí omi ti ń wọlé. Bọ̀dá Kúnlé, ẹ ní ìlà pẹ́ńsù dé abẹ́ iná kékeré kan? Iná yẹn ni! Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọkọ̀ tó bá fẹ̀ tó íǹṣì 80 ní iná aláwọ̀ ọsàn 5 níwájú lókè: 3 láàárín, 1 lápá ọ̀tún, 1 lápá òsì. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ihò súkúrù àti ihò wáyà. Class C tí mo ní tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń jò. Ẹ tú iná náà, ẹ há gbogbo sílíkóònù kúrò, ẹ fi téèpù butyl, rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀, sábẹ́ rẹ̀, ẹ wá fi sealant (ohun ìdí ojú ihò) yí òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ MÁ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá ráyè wọbẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí ibi gbà jáde.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ti fèrèsé ṣíṣí yẹn dára fún Leeds bóyá. Ní Houston, afẹ́fẹ́ ìta rin ju tinú lọ. Kó ti fèrèsé pa, kó tan AC àti ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, kó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ̀yin lẹ mọ ojú ọjọ́ yín. Mo gbà. Àmọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n yẹn ni kó pinnu ìgbà tó gbẹ, kì í ṣe ìkánjú Big Bend.

Nọ́ọ̀sì_Ṣadé
Ẹ̀yin ọkùnrin ò sọ̀rọ̀ ara yín rárá. Ìbòmú aṣọ kò wúlò fún eruku fáíbà. Èyí tó ní fílítà eruku P100 àti ti òórùn kẹ́míkà ni kẹ́ ẹ lò. Kátálíìsì polyester lè fọ́ èèyàn lójú, nítorí náà ẹ wọ gọ́gù. Bó bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù. Epoxy náà ní tirẹ̀: bí ó bá ń kan ara léraléra, ara lè kọ̀ ọ́, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ kì í sábà lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe tán, omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ara, ẹ má fi kànǹkàn gbo ó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ike, ẹ gbé e síta kó tutù, ẹ má sọ ọ́ sínú pàǹtí nígbà tó ṣì ń gbóná, ó ń dá iná.

Kúnlé_Houston
Ẹ kú àdúrótì mi o. Tóyìn, ẹ jàre. Mo tú iná igun yẹn, omi dà jáde, idẹ ẹnu wáyà ti hu àwọ̀ ewé. Sílíkóònù ni wọ́n fi dí i yíká, títí kan ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí igi tó gbá a rárá ló ti ń jò.

Mo gé pláíwúùdù tó rà kúrò láti inú. Ó pẹ́ kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Àǹtí Àdùkẹ́ ni mo tẹ̀ lé. Mo fi epoxy kun igi tuntun lójú àti lẹ́yìn kí n tó fi í sílẹ̀ de. Mo fi téèpù tí wọ́n fi ń di páálí bo páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, torí epoxy kì í lẹ̀ mọ́ ọn, mo tì í mọ́ ihò láti inú kí aṣọ má baà wọlẹ̀ síbẹ̀. Ńlá ni mo kọ́kọ́ tẹ́, Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí. Ó ti le báyìí. Owó ẹyọ ń dún kó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Igi náà yóò wọlé lẹ́yìn tí mo bá ti rí i pé kò jò mọ́.

Ojú rẹ̀ ń yọ̀ díẹ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn án, àfi bí ẹni fi wáàsì kùn ún. Ṣé kò dì tán ni? Àti pé funfun ọkọ̀ yìí kì í ṣe funfun mọ́, ó ti pọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí ọ̀dà tó bá a mu?

Bísí_ATL
Ó ti dì. Ohun tó ń yọ̀ yẹn máa ń jáde lára epoxy nígbà tí ojú ọjọ́ bá rin. Omi lásán àti kànǹkàn ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, acetone kọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó sáńpépà: nọ́ńbà 80 ná, lẹ́yìn náà 120, kí ẹ tó wá fi epoxy fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ àwọn ihò kéékèèké.

Pánẹ́lì_Mushin
Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ti dé, ẹ fún mi láyè 😄 Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mú funfun inú ìwé àwọ̀ ilé iṣẹ́ wá, kò ní bá a mu láéláé. Ẹ kọ́kọ́ fi compound, èyí tí wọ́n fi ń dán ara ọkọ̀, bó ara ọkọ̀ níbi tó súnmọ́ ọn, kí ìpọ́n tó wà lókè kúrò, kí ẹ rí àwọ̀ tó kù nísàlẹ̀. Àwọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń po ọ̀dà. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń gbà rọ omi sínú táńkì, ẹ mú un lọ fún un, ìyẹn rọrùn ju gbígbé odindi ọkọ̀ lọ. Ẹ kùn ún dé etí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí dé ìgbátí, ẹ má dá a dúró láàárín ojú pẹlẹbẹ. Ojú èèyàn kì í tètè rí ìyàtọ̀ àwọ̀ níbi tí ìlà bá wà.

Ọ̀gá_Fáíbà
Níbí yìí, àbúrò mi ló ni ọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Leeds
Kí ẹ tó dá pátákó inú padà, Bọ̀dá Kúnlé: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró síta pẹ̀lú hóòsì, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó máa rọra gòkè lọ sídìí iná, kí ẹ̀yin wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ ò ní mọ èwo nínú wọn ló ń jò. Iná mẹ́rin yòókù ńkọ́, ṣé ẹ ti tú wọn?

Kúnlé_Houston
Mo ti tú méjì, àwọn náà rin. Méjì tó kù di ọ̀la.